Pè Ni, Kì Í Ṣe Pẹ́

Tí wọ́n bá ní kí ẹ wá ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù láàárín ìlú yẹn, ẹ má wulẹ̀ lọ sọ́dọ̀ oníwàásù, ẹ má sì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń polówó bàtà. Ọ̀dọ̀ Ọlọ́kọ̀-Dà ni kí ẹ lọ. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ nìyẹn o, iṣẹ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n àti oṣù mẹ́sàn-án ló ti fi ń ṣọ́ ọkọ̀ fún ìgbìmọ̀ ìlú, lójú títì gígùn kan ṣoṣo tó bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìfìwéránṣẹ́ títí dé iwájú ilé ìwòsàn ojú. Oṣù mẹ́ta ló kù kí ọgbọ̀n ọdún pé, kó gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, kó lọ jókòó sílé.

Iṣẹ́ náà ò le láti sọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ sí ẹ̀bá títì á ra ìwé wákàtí méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́kọ̀-Dà á fi ẹfun fa ìlà sára táyà, á kọ nọ́ńbà ọkọ̀ àti aago sínú ìwé kékeré tó máa ń wà lápò àyà rẹ̀, á wá máa rìn lọ, á máa rìn bọ̀. Tí wákàtí méjì bá kọjá tí ọkọ̀ ò tíì kúrò, kó kọ ìwé ìtanràn, kó fi há abẹ́ wáípà. Ó parí. Bí òfin ṣe wí nìyẹn.

Àmọ́ Ọlọ́kọ̀-Dà ní ọ̀nà tiẹ̀. Tó bá ti ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí àkókò ọkọ̀ kan pé, á dúró tì í, á fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, á ké tòò: "Ọlọ́kọ̀ dà o? Oní-búlúù tí dígí ẹ̀yìn ẹ̀ sán, ọlọ́kọ̀ dà?" Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń pè. Kó tó pè é tán lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ ó rí ẹni tí wọ́n gẹ irun ẹ̀ dé ìdajì tó ń sáré bọ̀ látọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀. Ẹ ó rí ẹni tó di òwú mọ́ ojú kan, tó ń fi ojú kejì wá kọ́kọ́rọ́ lápò. Wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ ṣeun o." Á ní, "Ẹ máa lọ, ẹ máa lọ." Tí wọ́n bá nawọ́ owó sí i, á kọ ẹ̀yìn sí wọn. Kò gba kọ́bọ̀ rí.

Òfin ò fi àyè pípè sílẹ̀ o. Ó wà lójú ewé kìíní ìwé iṣẹ́ wọn: ẹ̀ṣọ́ ọkọ̀ kò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ṣọ́ kan tó wà lójú títì kejì ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn, wọ́n ló ń gba rìbá, wọ́n lé e. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n iṣẹ́ ṣòfò, kò gba nǹkan kan. Aṣọ iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ bọ́ lọ́rùn ẹ̀ nínú ọ́fíìsì, ṣíngílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀ rìn délé lọ́sàn-án gangan. Ọlọ́kọ̀-Dà rí i. Síbẹ̀, lọ́jọ́ kejì, ó pè. Ìdí tó fi ń pè, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àfi ìyàwó ẹ̀.

Nínú ìwé kékeré yẹn, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà ọkọ̀. LO, ìyẹn ni pé ọkọ̀ ti lọ fúnra ẹ̀. KO, ìyẹn ni pé òun kọ ìwé ìtanràn. PE, ìyẹn ni pé òun pè é, ó sì jáde. Ìwé kẹrin ló kà mọ, kò bá àmì ohùn dé ibì kankan. Akọ̀wé àtijọ́, ìyá àgbàlagbà kan tó ń gba ìwé ẹ̀ lóṣooṣù, mọ̀ ọ́n. Tí ìyá yẹn bá rí PE, á rẹ́rìn-ín sínú, á kà á mọ́ LO, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n ìyá ti fẹ̀yìn tì. Akọ̀wé tuntun ló wà níbẹ̀ lọ́dún yìí.

Ọjọ́ Ajé kan báyìí, Onígíláàsì tó ń ta jígí ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn nawọ́ pè é.

"Ọlọ́kọ̀-Dà! Wá bá mi ka ohun tí ìgbìmọ̀ yín lẹ̀ mọ́ ògiri mi."

Ọlọ́kọ̀-Dà sún mọ́ ọn. Lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ ọ́: OKO TO BA PE NITA YOO SAN ITANRAN ILOPO META.

"Ọkọ tó bá pẹ́ níta!" Onígíláàsì pàtẹ́wọ́. "Ìyàwó mi ti kà á láàárọ̀. Ó ní kí n bá òun kí ìgbìmọ̀ dáadáa. Ó ní ọdún kẹtàdínlógún rèé tóun ti ń retí irú òfin yìí."

"Ọkọ̀ ni, ìwọ ọkùnrin yìí. Ọkọ̀ tí wọ́n ń wà."

"Ṣé wọ́n fi àmì sí i ni? Ohun tí mo rí ni mo kà. Jígí ni mò ń tà, ojú mi ò fọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé Onígíláàsì. Nígbà tí ikọ́ lọ, ẹ̀rín náà ti lọ. Ó na ìka sí àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà nísàlẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, ìgbìmọ̀ máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Owó ìwé wákàtí méjì á di ìlọ́po méjì. Ìtanràn á di ìlọ́po mẹ́ta. Wọ́n á sì ra irin tí wọ́n fi ń de táyà mọ́lẹ̀.

"Wò ó," ni Onígíláàsì wí, "ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kán oògùn sí lójú, tí gbogbo ayé ń ṣú bàìbàì fún, ṣé òun ni kó sáré jáde wá wo aago? Wọn ò ní wá mọ́. Tí wọn ò bá wá sọ́dọ̀ dókítà, ta ni mo máa ta jígí fún? Ìwọ?"

"Kí ló dé tí wọ́n fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ló kọjá àkókò lójú títì yìí nìkan láàárín ọdún kan. Wọ́n ní a ò bẹ̀rù ìtanràn mọ́."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ kẹ̀? Ta ló kà á?"

"Ìwọ lò ń ṣọ́ ọ. Èmi ni kí n sọ fún ọ ni?"

Kò tíì dáhùn tí ìránṣẹ́ ọ́fíìsì fi dé, tó ní ọ̀gá ń pè é.

Ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ ọkọ̀ kéré sí Ọlọ́kọ̀-Dà lọ́jọ́ orí dáadáa, àmọ́ ọ̀gá lọ̀gá ń jẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, ó dìde lórí àga fún un. Èyí ló kọ́kọ́ ba Ọlọ́kọ̀-Dà lẹ́rù.

"Bàbá, ẹ jókòó. Iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe fún wa. Gbogbo ẹ̀ṣọ́ tí mo ní, ẹ̀yin nìkan lẹ kọ òótọ́ sílẹ̀. Akọ̀wé, kà á kí bàbá gbọ́."

Akọ̀wé tuntun, ọmọbìnrin kan tí kì í gbójú sókè, ṣí ìwé kékeré kan. Ọlọ́kọ̀-Dà mọ ìwé ẹ̀, ó mọ ibi tí òjò ti rin ín. Ọmọbìnrin náà ń fi ìka tọ̀ ọ́ lọ: "Ó pẹ́. Ó pẹ́. Ó lọ. Ó pẹ́. Ó kọ̀. Ó pẹ́..."

Ọlọ́kọ̀-Dà rí i lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó tẹ ẹ̀gún mọ́lẹ̀ kó tó wolẹ̀. PE tó kọ, tó túmọ̀ sí pé mo pè é, wọ́n ti sọ ọ́ di pẹ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ènìyàn tó sáré jáde kí àkókò wọn tó pé, ìwé ẹ̀ ti sọ gbogbo wọn di arúfin.

"Lọ́jọ́bọ̀," ọ̀gá ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ, "wọ́n á kàn bi yín pé ṣé ìwé yín rèé. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jókòó. Kò tún sí nǹkan míì." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìwé ìfẹ̀yìntì yín náà wà lórí tábìlì mi níbí o. Mi ò fẹ́ kó falẹ̀."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọlọ́kọ̀-Dà ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá," ó sì jáde.

Nígbà tó délé, oòrùn ò tíì wọ̀. Ìyàwó ẹ̀ ń ká aṣọ tó gbẹ lórí okùn, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

"Kí ló ṣe yín tẹ́ ẹ rí bí ẹni tó gbé ìgbálẹ̀ mì?"

Ó sọ ọ́ fún un. Ìyàwó gbọ́ ọ tán, ó fi ṣòkòtò tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ lu itan.

"Mo ti ń wí! Àmì kékeré báyìí, ẹ ò lè fi sí i! Ẹ rántí ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ ìwé sórí tábìlì, E FI OBE SILE FUN MI? Mo fi ọ̀bẹ sílẹ̀ fún yín. Ẹ dé, ẹ ń bá mi jà pé ebi ń pa yín, ọbẹ̀ dà."

"Ọ̀bẹ yẹn ò tiẹ̀ mú."

"Ẹ ò lè fi jẹun, ẹ ò lè fi pa èèyàn."

Ọlọ́kọ̀-Dà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá. Ìyàwó náà jókòó tì í. Adìyẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ náà, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Tó bá dákẹ́, ìtanràn á gorí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí kò jẹ̀bi. Tó bá sọ̀rọ̀, á jẹ́wọ́ pé òun ti ń rú òfin láti ọdún méjìlá, wọ́n á lé e bí wọ́n ṣe lé ẹnì kejì ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ilé kan tí wọ́n ń kọ́. Ògiri ti dé òkè fèrèsé láti ọdún mẹ́fà, koríko ń hù ní yàrá. Owó ìfẹ̀yìntì ni òrùlé.

"Ẹ dákẹ́," ni ìyàwó wí. "Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jókòó. Oṣù mẹ́ta péré."

"Mo gbọ́."

Ìyàwó ká aṣọ méjì, ó ká ìkẹta, ó tún tú u ká.

"Ọkùnrin yẹn ńkọ́?"

"Ọkùnrin wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ ka ìwé fún."

Ọlọ́kọ̀-Dà bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà ẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́rin lẹ ò fi sùn nígbà yẹn," ni ìyàwó wí. "Mi ò fẹ́ fi òrùlé bo ẹni tí kò ní lè sùn lábẹ́ ẹ̀." Lẹ́yìn náà ló yára dìde. "Àmọ́ mi ò ní kẹ́ ẹ sọ ọ́ o! Mi ò sọ nǹkan kan. Ẹ má ní ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ."

Lọ́jọ́bọ̀, gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ kún dẹ́nu ọ̀nà. Àwọn onílé ìtajà wà níbẹ̀, onígbàjámọ̀ wà níbẹ̀, Onígíláàsì jókòó sẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀. Alága ìgbìmọ̀, obìnrin kan tó gbé jígí sí imú, wà láàárín. Lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀ ni ọmọ ìgbìmọ̀ tó gbé àbá náà wá jókòó sí, ọkùnrin kan tó máa ń fi pẹ́ńsù lu tábìlì tó bá ń sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ gan-an. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ báyìí, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ bọ́hùn-ún. Ó ní nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ tó pẹ́, ọ̀ọ́dúnrún ó lé díẹ̀ ló san ìtanràn, ìyókù ń gbé ọkọ̀ wọn sá lọ ni.

Wọ́n pe Ọlọ́kọ̀-Dà síwájú. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ ẹ̀, ìyàwó ẹ̀ ti lọ̀ ọ́ débi pé eṣinṣin ò lè bà lé e kó má yọ̀.

"Bàbá, ṣé ìwé yín rèé?" ni alága bi í.

Ó wo ọ̀gá ẹ̀ tó jókòó níwájú. Ọ̀gá mi orí díẹ̀ báyìí.

"Ìwé mi ni, mà."

"Ẹ ṣeun. Ẹ lè jókòó."

Kò jókòó. Ó di ẹ̀yìn àga mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, wọn ò kà á dáadáa. Kì í ṣe pẹ́."

"Kí ni kì í ṣe pẹ́?"

"PE tó wà níbẹ̀ yẹn. Pè ni. Mo pè wọ́n."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, gbogbo ilé bá a. Alága fi ọwọ́ lu tábìlì. Ọmọ ìgbìmọ̀ oní-pẹ́ńsù ò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, tí kò bá pẹ́, kí lẹ pè é fún?"

"Kó má baà pẹ́ ni mo fi pè é, sà."

Ẹ̀rín tún sọ. Àmọ́ ẹyin lohùn, ó ti bọ́, ó ti fọ́. Ọlọ́kọ̀-Dà wá ṣàlàyé gbogbo ẹ̀: ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹta, LO, KO, PE. Bó ṣe ń ṣàlàyé, bẹ́ẹ̀ ni ojú ọ̀gá ẹ̀ ń pọ́n.

"Ta ló fún yín láṣẹ?" ni oní-pẹ́ńsù bi í.

"Kò sẹ́ni tó fún mi, sà."

"Èló ni wọ́n máa ń fún yín, tẹ́ ẹ bá pè wọ́n tán?"

Èyí dun Ọlọ́kọ̀-Dà ju bí ẹni gbá a létí.

"Lọ́dún méjìlá sẹ́yìn," ló wí, ohùn ẹ̀ tó máa ń dé ilé ìfìwéránṣẹ́ ò ju kí ẹni iwájú gbọ́ lọ, "mo kọ ìwé ìtanràn fún ọkọ̀ funfun kan níwájú ilé ìwòsàn ojú. Ọkọ̀ náà fi ogún ìṣẹ́jú kọjá. Ọkùnrin tó ni ín jáde, ọmọ ẹ̀ dì í lápá mú. Àṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un nínú ilé pé ojú ẹ̀ méjèèjì ò ní là mọ́. Pẹ̀lú ìwọ̀nba ìríran tó kù, òun ló wa ọkọ̀ wá láàárọ̀ o. Ó fọwọ́ pa ọkọ̀ náà láti ẹ̀yìn dé iwájú, bí ẹni ń kí i pé ó dìgbà. Ọwọ́ ẹ̀ bá ìwé lábẹ́ wáípà. Ó gbọ́ ìró bàtà mi, ó nà án sí mi. Ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kà á. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?'"



"Ẹ sì kà á?" ni alága bi í.

"Mo kà á, mà. Ìwé ara mi. Mo ka iye rẹ̀ fún un. Ó ní, 'Ẹ ṣeun.' Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń pè."

Alága bọ́ jígí ojú ẹ̀, ó ń nù ún, bẹ́ẹ̀ jígí náà ò dọ̀tí. Ó ní kí akọ̀wé tuntun, tó jókòó lẹ́yìn ọ̀gá ẹ̀, ka iye KO tó wà nínú ìwé ọdún tí wọ́n ń jà lé lórí yìí. Akọ̀wé kà á: ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kànlá. Alága ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìgbìmọ̀ ò ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ kankan lọ́wọ́. Owó ọkọ̀ àti owó ìtanràn, kí wọ́n gbé méjèèjì padà lọ tún kà. Ó di oṣù mẹ́fà kí ìgbìmọ̀ tó tún jókòó lé e. Àwọn onílé ìtajà pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ Ọlọ́kọ̀-Dà kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kó ṣì máa gbé ilé ná. Ẹ̀ṣọ́ tuntun kan bọ́ sójú títì. Onígíláàsì wá kí i lọ́jọ́ kẹfà, kò bá a ṣeré.

"Owó ìtanràn ò lọ sókè o," ló wí, "àmọ́ èyí tí wọ́n gbé wá yìí, kì í pe ẹnì kankan. Ó ń kọ ọ́ bí òjò. Àná, ó kọ ọ́ fún obìnrin kan tí òwú ṣì wà lójú ẹ̀ méjèèjì."

Lọ́jọ́ kẹjọ ni lẹ́tà dé. Ìlà méjì péré. Ìyàwó ẹ̀ ló kà á lẹ́nu ọ̀nà: ISE YIN TI PE LODO WA. E DA ASO ISE PADA.

Ó kà á tán, ó tún un kà, ó yí i síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

"Ti pé ni, àbí ti pẹ́ ni?"

Ọlọ́kọ̀-Dà gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Kò sí àmì kan lórí ẹ̀.

"Tó bá jẹ́ ti pé," ni ìyàwó wí, "wọ́n ti ka ọgbọ̀n ọdún yín sí pípé nìyẹn, wọ́n á sanwó. Tó bá jẹ́ ti pẹ́..."

"Ṣíngílẹ́ẹ̀tì nìyẹn."

Ìyàwó ò tún sọ nǹkan kan. Ó lọ gbé irin ìlọṣọ, ó lọ aṣọ iṣẹ́ náà bí ẹni pé ọjọ́ ìgbìmọ̀ ni, ó dì í sínú àpò. Aṣọ tiẹ̀ ni Ọlọ́kọ̀-Dà wọ̀ sọ́rùn, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí nǹkan bọ́ lára ẹ̀.

Nígbà tó dé ọ́fíìsì, akọ̀wé rí i, ó dìde, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Èmi ni mo ka ìwé yín bẹ́ẹ̀."

"Dìde, ọmọ mi. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Èyí ńkọ́? Pé ni àbí pẹ́?"

"Mi ò mọ̀, bàbá. Ọ̀gá kọ ọ́ sórí bébà fún mi ni, mo sì tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe rí i. Mo fẹ́ bi í. Ẹ̀rù bà mí."

"Ó wà nínú ilé?"

Ọmọbìnrin náà wo ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ ohùn ọ̀gá nínú ilé, ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù. "Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé."

"Mi ò ní wọlé."

Ọlọ́kọ̀-Dà gbé àpò sílẹ̀. Ó dúró níwájú ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu.

"Ọ̀gá dà o?"

Àwọn tó wà ní yàrá kejì yọjú. Ohùn inú ilé dákẹ́.

"Ọ̀gá tó kọ lẹ́tà aláìlámì, ọ̀gá dà?"

Àga dún. Kò sí ìró ẹsẹ̀. Àwọn èèyàn ti kún ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo ohùn tó fi ọdún méjìlá kó jọ ló fi pè é, gíláàsì fèrèsé dáhùn.

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́, Bàbá?"

Ó na lẹ́tà sí i. Ó fa kúkúté pẹ́ńsù tó fi ń kọ ìwé yọ lápò, ó nà án mọ́ ọn.

"Ẹ bá mi fi àmì sí i, sà. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá fi sí i, màá kà á síta fún gbogbo wọn."

Ọ̀gá wo lẹ́tà, ó wo pẹ́ńsù, ó wo àwọn tó dúró. Kò tíì nawọ́ gbà á. Ọwọ́ Ọlọ́kọ̀-Dà ṣì wà ní nínà síbẹ̀, kò gbé e wálẹ̀.